Wíìlì Tí Kì í Pariwo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Alága ti ṣèpàdé. Àbúrò mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àga tó jókòó lé tí kì í sọ di àga alága – ìbáà ṣe orí fóònù. Ó ní Màámi ò lè máa dá gbé orí òkè mọ́. Ó ní òun ti kun yàrá ìsàlẹ̀ nílé òun dè wọ́n. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Bó ṣe ń royìn ọ̀dà náà, o ò bá rò pé ọ̀dà ni yóò máa fún Màámi lóògùn.

Mo ní Màámi ò fẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní tún un sọ: àwọn ò ní fi ilé tí ọkọ àwọn kọ́ sílẹ̀ lọ máa gbé ilé ìyàwó ọmọ. Wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sùn ti àwọn. Ẹni tó bá ń sùn tini, wọ́n ní, kò ní pẹ́ sọni di aláìsàn.

Alága ní ta ló fẹ́ máa gun òkè lọ wò wọ́n láràárọ̀, nígbà tí obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn ti kó lọ? Mo ní èmi. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀ náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀, mo gbọ́. "Ẹ̀yin kẹ̀, Àǹtí mi? Pẹ̀lú orúnkún yín yìí?"

Ó wá ṣòfin. Tí mo bá lè máa gun òkè náà láràárọ̀ títí oṣù yìí á fi parí, tí wọn ò sì tìtorí pípẹ́ lé mi níbi iṣẹ́, Màámi á dúró sílé wọn. Tí mi ò bá lè ṣe é, yàrá aláwọ̀ ewé. Mo gbà. Ẹyin lohùn – tèmi sì ti balẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Mọ́tò ò gun òkè yẹn mọ́. Láti ìgbà tí ògiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti wó, ìjọba ri òpó irin mọ́ ẹnu ọ̀nà, alùpùpù pàápàá ò lè kọjá. Ẹsẹ̀ ni, tàbí kẹ̀kẹ́. Tí mo bá ní kí n fẹsẹ̀ rìn, àwọn tó ṣẹ́ apá, tó ṣẹ́ ẹsẹ̀ á ti tò jáde ilé ìwòsàn kí n tó dé ibi tí mo ti ń ya fọ́tò egungun wọn.

Nítorí náà, kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ jákujàku tí Alága rà nígbà tó fẹ́ yọ ikùn ẹ̀ dànù, tó gùn fún ọ̀sẹ̀ kan, tó wá fi ta mí lọ́rẹ. Ikùn ẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀. Irin eléyín kan ṣoṣo ló wà níwájú kẹ̀kẹ́ ọ̀hún, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí ṣéènì, kò ní ìkejì tí èèyàn lè sá sí tí òkè bá le.

Títí dé ẹsẹ̀ òkè, ọmọge ni mí. Nígbà tí mo dé ilé aláwọ̀ pupa kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, mo ti di ìyálọ́mọ. Nígbà tí mo fi máa dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ – Ìgbọ̀nwọ́ la ti ń pè é láti kékeré – ìyá arúgbó ni. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo ti kẹ̀kẹ́ dé òkè bí ẹni ń ti ọmọ alágídí lọ sílé ìwé. Sípóòkù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú wíìlì ẹ̀yìn, ti tú, ó ń ké rákaràka, gbogbo ilé ń yọjú.

Màámi ti jókòó sójú fèrèsé kí n tó dé. Wọ́n ti múra, wọ́n ti yarun, páúdà ti wà lójú wọn. Ẹni tí wọ́n ní kò lè dá gbé nìyẹn!

"Mo ti gbọ́ ẹ láti Ìgbọ̀nwọ́," wọ́n ní. "Kẹ̀kẹ́ jákujàku ẹ ti ké sí gbogbo àdúgbò."

Mo rí eruku lórúnkún aṣọ wọn. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn kúnlẹ̀ gbàdúrà ni.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo ya ọ̀dọ̀ Ó-Ti-Tán, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Orúkọ tí mo fún un nìyẹn, nítorí kò sí ohun tó fọwọ́ kàn tí kì í sọ pé ó ti tán. Ó ń sọ ọ́ kó tó mú sípánà.

Ìta ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni àwọn Oníṣòkòtò-Pénpé máa ń jókòó sí. Àgbàlagbà ọkùnrin, aṣọ fún wọn pinpin bí ẹni wọ awọ ẹlòmíì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí mo ti ń kọjá níbẹ̀, mi ò tíì rí wọn lórí ọ̀kan. Olórí wọn ni Oníṣègùn Eyín. Eyín aláìsàn ló ń kà láàárọ̀, eyín irin ló ń kà nírọ̀lẹ́. Kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà láyé.

Mo ní mo fẹ́ gun òkè láìsọ̀kalẹ̀. Wọ́n wo orúnkún mi. Wọ́n wo ara wọn.

Oníṣègùn Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀. Irin iwájú tèmi ní eyín méjìlélógójì. Nínú àwọn tẹ̀yìn, èyí tó tóbi jù ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí tiwájú bá ṣe kéré tó, tí tẹ̀yìn sì tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ṣe fúyẹ́ tó. Ìyẹn yé mi. Mo ní kí wọ́n dín tiwájú kù nígbà náà.

"Háà! Rárá o, Mà. Tẹ́ ẹ bá dín in kù, ẹ óò kàn máa yí ẹsẹ̀ lásán lójú ọ̀nà tó tẹ́jú ni." Ó ní wíìlì ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀. Wíìlì fífúyẹ́, tí rímù ẹ̀, irin róbótó tó gbé táyà, jìn. Tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbé e sókè, ó yí i kí n lè gbọ́ bó ṣe ń kùn yùn-ùn. Baba ọmọ mẹ́rin. Ó pajú dé, ó ń gbọ́ ọ.

Mo bi í bóyá ó ti gun òkè tiwa rí. Ó ní òun kì í gba apá ibẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìgbọ̀nwọ́. Mo pẹ́. Aago-Ńlá, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, wo aago ara ògiri, ó wò mí, ó tún wo aago.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ó-Ti-Tán ní òun ti rí ohun tí a máa ṣe sí i. Ó ní kí n má dá àwọn Oníṣòkòtò-Pénpé lóhùn. (Ìyẹn nìkan lọ̀rọ̀ gidi tó tíì sọ.) Ó mú fíríwíìlì kan, òkìtì irin eléyín tẹ̀yìn, jáde nínú páálí, èyí tó tóbi jù lára irin ẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ó dè é mọ́ wíìlì ẹ̀yìn. Ó ní ó ti tán.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Kò tán.

Ní ẹsẹ̀ òkè gan-an, mo fa jíà sórí àwo ìjẹun. Apá irin tó ń fa ṣéènì kò gùn tó. Ó fà, ó fà, ó há. Ẹsẹ̀ dúró, kẹ̀kẹ́ dúró, èmi nìkan ni mi ò dúró – mo lọ sílẹ̀ gbàà níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọ̀kan nínú wọn ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá." Ohùn tó fi sọ ọ́ dùn mí ju ìgbáròkó mi lọ.

Mo ti kẹ̀kẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Màámi wà lójú fèrèsé, wọ́n dára bí ẹni ń lọ ya fọ́tò. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ife. Kí n bá àwọn mú gíláàsì ojú. Kí n bá àwọn ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wò. Wọn ò dìde rárá, bí ọbabìnrin. Èmi tí mo ṣubú ni mò ń sá káàkiri.

Nírọ̀lẹ́ mo bá Ó-Ti-Tán. Ó wo ṣéènì títí. Ó ní, "Ó yẹ kó ṣiṣẹ́ o." Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló yẹ kó ṣiṣẹ́ láyé yìí, ìwọ náà wà lára wọn.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n dá fíríwíìlì àtijọ́ padà. Wọ́n wá yọ irin iwájú, wọ́n fi eléyín méjìlélọ́gbọ̀n rọ́pò ẹ̀ – ohun tí mo sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n gé ṣéènì kúrú. Oníṣègùn Eyín ń mi orí bí ẹni wà nílé òkú.

Mo kọjá ilé aláwọ̀ pupa láìmí gúlegúle. Mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìgbọ̀nwọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ báyìí pé nǹkan náà ń bọ̀.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Alága wá sílé mi. Ó mú bébà ọ̀dà dání, kí n wá yan àwọ̀ tí wọ́n máa fi kun fèrèsé. Mo ní kó fi kun imú ẹ̀.

Ó jókòó. Kò bínú. Ohun tó ń bí mi nínú jù nípa ẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n bi yín. Ìgbà wo lẹ ti rí Màámi kí wọ́n dìde gbẹ̀yìn?"

Mo ní kí ló fẹ́ kí wọ́n dìde fún, ṣé ó ti ń kọ orin orílẹ̀-èdè ni?

Ó ní òun ń bi mí tọkàntọkàn ni. Pé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó jẹ́ ìpín òun láti gun òkè lọ wò wọ́n, wọn kì í kúrò lórí àga. Mo ní nítorí pé ó ń pè wọ́n kó tó gbéra ni, wọ́n sì ti múra de àlejò. Ẹni tó lè wẹ̀, tó lè múra, tó lè fi páúdà sójú láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ló kù tí kò lè ṣe? Ó ká bébà ọ̀dà ẹ̀. Mo borí ẹ̀. Alága tó gbé ọ̀dà ẹ̀ padà sílé – ó yẹ kí n fi ọjọ́ yìí ṣe ayẹyẹ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Àpérò ńlá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ wá rí báyìí: ká tó lè gbé irin ńlá sẹ́yìn kó sì dúró, ìdí wíìlì àtijọ́, àárín ibi tí wọ́n ń de irin eléyín mọ́, ò gbà á. Ti àtijọ́, ńṣe ni wọ́n ń yí fíríwíìlì mọ́ ọn bí ìdérí ìgò. Àwọn tuntun ń wọ inú ihò tiwọn ni. Nítorí náà, wíìlì ẹ̀yìn tuntun, òkìtì irin tuntun tó parí sí eyín mẹ́rìndínláàádọ́ta, àti apá tó gùn tí yóò máa fa ṣéènì. Ó-Ti-Tán ló sọ ọ́. Ó tún sọ ọ́ bí ẹni pé kì í ṣe òun ló da àwo ìjẹun bo ìgbáròkó mi lọ́jọ́ Ajé.

Ó ku irú wíìlì tí a máa rà. Oníṣègùn Eyín tún dé pẹ̀lú yùn-ùn yùn-ùn ẹ̀. Ẹlòmíì ní èyí tó máa ń ta kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ tí èèyàn ò bá yí ẹsẹ̀ ló dára, pé àwọn èèyàn á gbọ́ ẹ lókèèrè, wọ́n á yà fún ẹ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i. Àgbàlagbà mẹ́fà ń jà lórí bí ó ṣe yẹ kí wíìlì mi máa dún.

Mo ní èyí tí kì í pariwo rárá ni mo fẹ́. Mo ní wọ́n ti gbọ́ mi tó ládùúgbò yẹn, èmi kì í ṣe agogo. Sípóòkù tó pọ̀, rímù tó le, kó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Oníṣègùn Eyín ní kò lẹ́wà. Mo ní òun náà ò lẹ́wà, ìyàwó ẹ̀ ṣì fẹ́ ẹ. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, òun náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo sọ fún Màámi nípa wíìlì tuntun, pé ó máa yá. Mo rò pé inú wọn á dùn. Wọ́n ń tún etí aṣọ wọn ṣe.

"Kí lo fẹ́ fi yíyá yẹn ṣe?"

Mo ní kí n má baà pẹ́ níbi iṣẹ́. Kí Alága lè gbẹ́nu dákẹ́.

"Fi wíìlì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ariwo ẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ọmọ mi ń bọ̀."

Arúgbó! Wọ́n bú kẹ̀kẹ́ jákujàku yìí láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé e wá, nígbà tí mo fẹ́ tún un ṣe tán, ó wá di orin aládùn.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹrù ò tíì dé. Ó-Ti-Tán ní ó ti tán, ó ku kó dé.

Aago-Ńlá pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní bí mo bá tún pẹ́, òun á kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá àgbà. Mo ní kó kọ ọ́ dáadáa, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ ò dára. Lọ́kàn mi ni mo sọ ìyẹn. Síta, mo ní "Ẹ má bínú, Sà."

Mo rò ó nígbà tí mo padà délé. Ọmọ mi méjèèjì wà lókèèrè. Ọkọ mi ti kú. Bí Màámi bá sọ̀kalẹ̀ bọ́ sínú yàrá aláwọ̀ ewé yẹn, pẹ̀lú ìyàwó Alága tó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn káàkiri wọn bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò, wọn ò ní lo ọdún kan sí i láyé. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní máa wo orúnkún mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Ó dé. Wọ́n fi gbogbo ọ̀sán dè é mọ́ kẹ̀kẹ́. Mo gùn ún yípo ọgbà ṣọ́ọ̀bù. Kò dún. Àfi atẹ́gùn létí mi àti táyà lórí iyẹ̀pẹ̀. Ó-Ti-Tán ní ó ti tán, mo wò ó, mo wo kẹ̀kẹ́ – ó jọ pé ó ti tán lóòótọ́.

Lọ́la ni ìpín Alága. Kó lọ rin ìrìn tó gbẹ̀yìn kí n tó borí ẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo dé ẹsẹ̀ òkè. Mo fa jíà sórí irin tó tóbi jù. Ẹsẹ̀ ń yí, kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ìjàpá ì bá kọjá mi, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Mo kọjá ilé aláwọ̀ pupa. Ìgbọ̀nwọ́ dé. Iwájú kẹ̀kẹ́ fẹ́ gbéra nílẹ̀, mo tẹ̀ síwájú, mo fi àyà bo ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo ń bú òkè náà láti ìran dé ìran. Mo kọjá Ìgbọ̀nwọ́. Mi ò sọ̀kalẹ̀!

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún Alága sẹ́nu. Mo to ti Oníṣègùn Eyín. Mo to ti ìyàwó Alága, èyí gùn díẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé wa pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, kẹ̀kẹ́ ò dún.

Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Àga Màámi ò sí níbẹ̀. Mo ní wọ́n ṣì ń sùn nìyẹn. Mo yọjú.

Wọ́n wà nílẹ̀. Lórí ọwọ́ àti orúnkún. Àga yẹn wà níwájú wọn, wọ́n ń tì í láti ẹnu ọ̀nà yàrá bọ̀ wá sójú fèrèsé, wọ́n ń wọ́ tẹ̀lé e. Òòyà wà láàárín eyín wọn. Wọ́n so agolo páúdà mọ́ etí ìró. Wọ́n ti àga díẹ̀, wọ́n gbórí lé e, wọ́n sinmi. Wọ́n yọ òòyà lẹ́nu. Wọ́n ń bá ẹsẹ̀ wọn wí.

"Ẹsẹ̀ burúkú. Ẹsẹ̀ aláìmoore. Kí ni mo fi dù yín? Ẹ gbéra. Kò tíì dé Ìgbọ̀nwọ́, mi ò tíì gbọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Àyè ṣì wà. Ẹ gbéra, ẹ̀yin ọ̀lẹ."

Bí mo ṣe ń bú Ó-Ti-Tán gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń bú ẹsẹ̀ wọn. Ohùn kan náà.

Gbogbo ẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Eruku orúnkún. Ife tí mo ń bá wọn gbé, gíláàsì ojú tí mo ń bá wọn mú. Láti Ìgbọ̀nwọ́ tí mo ti máa ń sọ̀kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo àkókò tí mo fi ń ti kẹ̀kẹ́ tí mo ń ṣépè, òun ni wọ́n fi ń gun orí àga, tí wọ́n fi ń yarun, tí wọ́n fi ń di ẹni tí kò nílò ẹnikẹ́ni. Rákaràka yẹn ni aago wọn. Èmi ni mo lọ ra wíìlì tí kì í pariwo.

Èmi tó jẹ́ pé inú egungun èèyàn ni mò ń wò jẹun. Alága rí i. Alága, tó jẹ́ pé ọ̀dà ló ń wò!

Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ wọlé lọ gbé wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Tí mo bá gbé wọn nílẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọn ò ní wo ojú mi mọ́ láyé. Mo yí kẹ̀kẹ́ padà. Mo gbé e lé èjìká kọjá ibi òkúta, kó má baà dún. Mo sọ̀kalẹ̀ dé Ìgbọ̀nwọ́. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Obìnrin kan tó ń kọjá bi mí ṣé mo ṣubú ni.

Wíìlì yìí ò ní dún, ó sì yẹ kó dún. Mo wá inú àpò. Páálí oògùn Màámi wà níbẹ̀. Mo tú u, mo ká a, mo fi rọ́bà tí mo fi ń di irun dè é mọ́ irin ẹ̀yìn kí etí ẹ̀ lè máa gbá sípóòkù. Mo tì í díẹ̀. Ó dáhùn: rákaràka. Kò dàbí ti àtijọ́ tán, ṣùgbọ́n ó tó.

Mo ti kẹ̀kẹ́ gòkè. Mo rọra tì í. Mi ò lọ́ra rí tó bí mo ṣe lọ́ra lónìí.

Wọ́n wà lójú fèrèsé. Páúdà ò kárí, ó ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. "O pẹ́ lónìí," wọ́n ní. "Àwọn irin tuntun ọ̀hún ńkọ́?"

"Wọn ò ṣiṣẹ́, Màámi. Mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìgbọ̀nwọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo pe Alága kí n tó jẹun àárọ̀, kí ọkàn mi má baà yí padà. Mo ní mi ò lè gùn ún. Mo ní mo ṣe gbogbo ohun tí mo lè ṣe, mo ra irin, mo ra wíìlì, ẹsẹ̀ mi ni kò gbé e. Ó ní "Àǹtí mi!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní òun sọ ọ́, àbí òun ò sọ ọ́? Mo ní ó sọ ọ́. Ó tún pe ìyàwó ẹ̀ kó wá gbọ́. Mo dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán.

Mo wá sọ fún un pé ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kó má bi Màámi ní ìbéèrè kankan nípa ẹsẹ̀ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn ò lè ṣe nǹkan. Kó jẹ́ pé tìtorí tèmi ni wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rín ẹ̀ dúró. Ó ní, "Kí lẹ rí?" Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Ó ní ó dáa. Àbúrò mi yìí ò gọ̀ tó bí mo ṣe fẹ́ kó gọ̀.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Páálí ké dé òkè. Mo kúnlẹ̀ síwájú Màámi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ ṣàánú mi. Òkè yìí máa pa mí. Wọ́n máa lé mi níbi iṣẹ́. Ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi."

Wọ́n ní, "Ó ti le tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó le, Mà."

"O ò rí i bí? Mo sọ fún ẹ pé ẹsẹ̀ ò sí lára ẹ. Láti kékeré." Wọ́n wo òde. "Ó dáa. Nítorí ìwọ ni o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ nǹkan mìíì."

Nígbà tí mo dìde, eruku ilẹ̀ yẹn ti lẹ̀ mọ́ orúnkún aṣọ tèmi náà.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mi ò lè sá. Oníṣègùn Eyín ní, "Mà, ẹ ti gùn ún?" Mo ní rárá. Ó na apá méjèèjì sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Ó ní òun sọ fún mi, wíìlì tó ń kùn ni, irin iwájú tó tóbi ni. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀.

Ó-Ti-Tán nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yí wíìlì, ó fa jíà sókè sódò. Ó ní, "Mà, iṣẹ́ yìí ò ní àbùkù kankan o. Ó ti tán." Òótọ́ ló sọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, mi ò sì lè sọ fún un. Ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Èyí dùn mí ju ti Oníṣègùn Eyín lọ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

A gbé Màámi sọ̀kalẹ̀ lónìí. Alága mú ọkùnrin méjì wá, wọ́n gbé wọn tàga-tàga. Mo ti lọ ṣáájú lọ múra fún wọn. Ìyẹn ni pé mo ké rákaràka bọ̀ láti Ìgbọ̀nwọ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi ní kí n máa bọ̀. Páúdà kárí.

Wọ́n bá gbogbo ẹni tó yọjú sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. "Ọmọ mi obìnrin ni. Kò lè gun òkè mọ́, àánú ẹ̀ ló ṣe mí." Àwọn èèyàn ń wò mí, wọ́n ń ní pẹ̀lẹ́. Mò ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Alága ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí a dé Ìgbọ̀nwọ́, Màámi ní kí wọ́n gbé àwọn kalẹ̀ kí àwọn ọkùnrin sinmi. Kẹ̀kẹ́ mi dúró ní iwájú wọn gan-an. Wọ́n wò ó. Wọ́n wo wíìlì tuntun tó ń dán. Wọ́n nawọ́ kan páálí oògùn wọn tó wà láàárín sípóòkù. Orúkọ wọn wà lára ẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé apòògùn. Wọ́n fi ìka yí wíìlì díẹ̀. Rákaràka.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí. Mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Wọ́n yíjú sí àwọn tó gbé wọn, wọ́n gbóhùn sókè kí gbogbo ọ̀nà lè gbọ́. "Ṣé ẹ rí ibí yìí? Ibí ló ti máa ń sọ̀kalẹ̀ láràárọ̀. Ọ̀lẹ ọmọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màámi na ọwọ́ sí mi lábẹ́ aṣọ, wọ́n di tèmi mú, wọn ò sì fi sílẹ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ọ̀lẹ ni mí."